Oko Ọba Nígbà Ọyẹ́: Iná, Ìpè Pàjáwìrì àti Kọ́kọ́rọ́ Géètì

Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta ni ẹ̀ẹ̀rùn ń mú ní Èkó, inú rẹ̀ sì ni ọyẹ́ ti ń fẹ́. Kò sí igbó púpọ̀ ní Oko Ọba ní Agege mọ́ tí a ó fi máa bẹ̀rù iná inú ìgbẹ́. Ewu iná tiwa ni ilé tó fara ti ilé, ọgbà ìpẹran tí wọ́n ti ń fi iná jó irun awọ màálù fún pọ̀nmọ́, ṣọ́ọ̀bù gáàsì tó bá ojúlé pín ògiri, àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn.

Ní California ní Amẹ́ríkà, níbi tí iná inú ìgbẹ́ ti ń jà, ará ìlú máa ń fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí ìkìlọ̀ lè tètè dé etí rẹ̀. Nígbà tí iná run ìlú Paradise níbẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2018, ènìyàn 85 ló bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ni kò forúkọ sílẹ̀ rárá. Ní Agege, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí èéfín ni ìkìlọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tí yóò pè ni 767 tàbí 112. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, kódà bí owó kò bá sí lórí fóònù.

Bí wọ́n bá gbé ìpè yín, ariwo “Ẹ gbà wá o, Agege ni!” kò tó. Agege tóbi. Ẹ sọ nọ́ńbà ilé, orúkọ àdúgbò, ibùdókọ̀ tó súnmọ́ ọn jù, ohun tó ń jó, àti bóyá ènìyàn ṣì wà nínú ilé. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ pa fóònù. Ẹ tún jọ̀wọ́, ẹ pè kí ẹ tó ya fídíò. Ojú ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í ṣe sinimá.

Ibi tó ń dùn mí jù ni géètì àdúgbò. Nítorí olè la ṣe ń tì í lóru, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ẹyọ kan máa ń wà lápò mẹ́gàdì, mẹ́gàdì á sì ti wábi sùn. Ọkọ̀ panápaná á dúró síta, á máa fọn fèrè. Kì í ṣe géètì nìkan, èrò ìwòran náà ń dí ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Dana já lulẹ̀ ní Ìjù-Ìṣàgá nítòsí wa ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2012, tí gbogbo ènìyàn 153 inú rẹ̀ kú, èrò tó ya lọ wòran kò jẹ́ kí àwọn tó wá pa iná ráyè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ní ti ìdáná, ìta ilé ni kí sílíńdà gáàsì wà, kí a sì máa ti orí rẹ̀ pa lẹ́yìn tí oúnjẹ bá jinná. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń fà sí. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa èyí tó ti wà ní títàn. Ọṣẹ híhó ni a fi ń wá ibi tó ti ń jò, kì í ṣe ìṣáná. Bí òróró bá gbiná nínú ìkòkò, ẹ má da omi sí i. Ẹ fi ọmọrí dé e, kí ẹ pa sítóòfù.

Ti epo tó bá dà sílẹ̀, kí a sá ni. Ní Abúlé Ẹ̀gbá, ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2006, àwọn ènìyàn ń bu bẹntiróòlù níbi páìpù tí wọ́n bẹ́, iná sọ, ó sì pa ènìyàn tó lé ní igba.

Ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù, níbi ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ géètì kejì sí ilé kan tí ènìyàn kì í wọ́n lóru. Kí onílé kọ̀ọ̀kan sì kọ 767, 112 àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri, níbi tí ọmọdé àti àlejò ti lè kà á.