AS méjì fẹ́ra: ṣé ọmọ kan péré nínú mẹ́rin ni yóò jẹ́ SS?

Bí a bá ti sọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù lórí afẹ́fẹ́ báyìí, ẹnìkan á pè: "Ẹ ní ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Àkọ́bí mi ti jẹ́ SS, ó ti tán nìyẹn, àbí?" Kò tíì tán o. Ìṣirò tí àwọn ọmọ yín ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama ló máa tú u.

Ẹni tó jẹ́ AS ní A kan àti S kan, ẹyọ kan nínú méjèèjì ló sì máa fún ọmọ. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ọ̀nà mẹ́rin ló wà: AA, AS, SA, SS. AS àti SA, nǹkan kan náà ni. Ibẹ̀ ni "ọ̀kan nínú mẹ́rin" ti wá.

Àmọ́ oyún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ọmọ mẹ́rin. Ẹ fi ìwé pélébé mẹ́rin sínú fìlà, kí ẹ kọ SS sára ẹyọ kan. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ wò ó, ẹ dá a padà, ẹ gbọn fìlà, ẹ tún mú. Fìlà ò rántí èyí tí ẹ kọ́kọ́ mú.

Tọkọtaya tó bá bí mẹ́rin ńkọ́? Ọ̀nà 4 × 4 × 4 × 4 ló wà, ìyẹn 256. Kí SS má sí rárá, 3 × 3 × 3 × 3 ni, ó jẹ́ 81. Kó jẹ́ ẹnìkan péré, 3 × 3 × 3 ni, ká wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, torí ó lè jẹ́ àkọ́bí, ó lè jẹ́ àbíkẹ́yìn: 108. Ti méjì jẹ́ 54, ti mẹ́ta jẹ́ 12, ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 1. Ẹ ro wọ́n pọ̀, 256 gééré.

Iye márùn-ún yìí, láti òfo dé mẹ́rin, pẹ̀lú ìpín tó kan kálukú wọn, ni olùkọ́ ń pè ní discrete probability distribution. Discrete ò ju pé ẹ lè kà á lẹ́yọ-lẹ́yọ. Kò sẹ́ni tó ń bí ọmọ kan ààbọ̀. Irú eléyìí gan-an ló ń jẹ́ binomial, ẹ̀yin ọmọ SS3. (SS ti kíláàsì ni mo ní lọ́kàn o.)

Ẹ wá wo ohun tó túmọ̀ sí. Ká ní ọgọ́rùn-ún tọkọtaya AS bí mẹ́rin mẹ́rin, a lè retí pé bí 32 nínú wọn kò ní rí SS kankan, bí 42 á rí ẹyọ kan, bí 26 á rí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn 32 yẹn ló máa ń sọ fún àwọn àfẹ́sọ́nà pé, "AS làwa náà, kò sí nǹkan kan tó ṣe wá." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ àwọn 26 tó ń gbé ọmọ méjì, mẹ́ta tó ní àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde lọ sílé ìwòsàn kì í sábà sí níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Ẹni tó sì ti bí mẹ́ta tí ara wọn le, tó lóyún ẹ̀kẹrin báyìí, ọ̀kan nínú mẹ́rin náà ló ṣì ń bá a lọ.