Bí Fóònù Bá Kọ Ìpè, Ẹ Má Tíì Bá Oníbàárà Jà

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa nínú ọjà Ọ̀wẹnà, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, àwa gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí, a kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Oníbàárà wa kan ń bẹ l'Ákùúrẹ́ tí ó máa ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń ṣe é bọ̀. Bí ọjà bá ku ọ̀la, á pè wá, á sọ iye ìtì tí ó fẹ́. Lọ́jọ́ kan, a kó ogójì ìtì kalẹ̀ dè é. Ilẹ̀ mọ́, kò pè. Ọjọ́ rọ̀, kò yọjú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, a tà á lówó pọ́ọ́kú, a sì jẹ gbèsè ọkọ̀ lé e. Inú bí wa. A ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá dúró létí àtẹ wa pé obìnrin náà ti di ọ̀dàlẹ̀.

Lọ́jà tó tẹ̀lé e, òun fúnra rẹ̀ dé, ó fajú ro. Ó ní, "Ìyá, kí ni mo ṣe yín? Mo pè yín títí, á dún lẹ́ẹ̀kan, á já. Mo ní bóyá ẹ ti rí ẹni tí owó rẹ̀ ju tèmi lọ." Àṣé òun náà ti ń ròyìn wa ní Akúrẹ́! Ọmọkùnrin tí ó ń tún fóònù ṣe gba tiwa, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bá nọ́ńbà oníbàárà wa láàárín àwọn tí fóònù ti tìlẹ̀kùn mọ́. Ta ló tì í? Ọmọ-ọmọ wa tí ó ń fi fóònù ṣeré ni. Ojú tì wá. A bẹ̀ ẹ́, ó sì dárí jì wá, ṣùgbọ́n owó ogójì ìtì ti lọ.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí á kọ ọ́ sílẹ̀. Kí fóònù alágbèéká GSM tó dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, dẹ́rẹ́bà ni a fi ń ránṣẹ́ sí oníbàárà. Lónìí, inú fóònù ni ọjà wà. Bí ó bá kọ ìpè, ẹ jẹ́ kí á wò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Ìkíní, ẹ kọ́kọ́ wo òkè ojú fóònù. Bí ẹ bá rí àwòrán bàálù, fóònù ti yọwọ́ kúrò nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹni tó bá pè yín á gbọ́ pé kò sí lórí afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá rí òṣùpá kékeré, tàbí róńdò tí ìlà dábùú inú rẹ̀, ìpè lè máa wọlé kí ó má dún sí yín létí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ pa fóònù, kí ẹ tún un tàn.

Ìkejì, ẹ lọ síbi tí ẹ ti ń pe èèyàn, ẹ tẹ tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè, ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Blocked numbers sí. Bí oníbàárà yín bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́. Lórí fóònù mìíràn, ibi kan tún wà tí kì í jẹ́ kí ìpè ẹni tí a kò mọ nọ́ńbà rẹ̀ dún. Ẹ pa á, nítorí oníbàárà tuntun, àjèjì ni.

Ìkẹta, ó lè jẹ́ pé ìpè yín ń yà lọ sórí nọ́ńbà mìíràn. Ẹ tẹ ##002# kí ẹ sì pe é bí ẹni ń pe èèyàn. Gbogbo ìyàbàrá náà á kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo síìmù méjì nínú fóònù kan, ẹ rántí pé bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kan, ìkejì lè má gba ìpè.

Ìkẹrin, ó lè má jẹ́ fóònù rárá, kí ó jẹ́ síìmù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba ní kí gbogbo wa so síìmù mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀, èyí tí a ń pè ní NIN. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n ní kí síìmù tí a kò so má lè pe ìta mọ́. Nígbà tí oṣù keje ọdún 2024 ń parí lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn jí, wọ́n bá síìmù wọn ní títì, èrò sì kún ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àjọ NCC ní kí wọ́n ṣí i padà, wọ́n wá fi ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ṣe òpin. Ẹ tẹ *996# láti mọ ipò tiyín. Síìmù tí a kò sì ná owó kankan lórí rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè tì í. Bí ó bá tún pé oṣù mẹ́fà sí i, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Ẹ máa fi síìmù tí báǹkì mọ̀ yín mọ́ pe èèyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣeé ṣe, ẹ pe 300, àwọn òṣìṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín á gbé e. Bí wọn kò bá dáhùn bó ti yẹ, ẹ fi ẹjọ́ sun NCC lórí 622.

Ẹ ṣọ́ra o! Bí ẹnìkan bá pè yín pé òun á bá yín tún síìmù ṣe, tí ó ní kí ẹ tẹ nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *21* tàbí **21*, ẹ má ṣe é. Ìpè yín ni ó fẹ́ máa gbà, títí kan ti báǹkì. Nọ́ńbà àṣírí tí báǹkì bá fi ránṣẹ́, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ tí ó ń tún fóònù yín ṣe.

Ẹ̀yin ará ọjà, oníbàárà tó pè tí a kò gbé e, ẹ jẹ́ kí á pè é padà kí á tó bínú. Bí ọ̀nà fóònù bá sì dí, ẹ yá ti ọmọ ìyá yín lórí àtẹ kejì. Ìbá ṣe pé a ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa kì bá tí pọ́n sí wa lọ́rùn. Ọjà á tà o, a ò ní í pàdánù oníbàárà. Àṣẹ.