Yíyan Irinṣẹ́ Ìwalẹ̀ fún Katakata Kékeré

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àgbẹ̀ ti ń wa ilẹ̀. Ọkọ́ àti àdá ni àwọn baba ńlá fi ṣe é; nígbà tí ó yá, dígà àti ṣọ́bìrì dé. Ní ayé òde òní, katakata kékeré, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 20 sí 40, ti wọ inú oko, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mìíràn sì ń dáwó jọ láti rà á. Ṣùgbọ́n katakata fúnra rẹ̀ kò lè gbẹ́ ihò kan ṣoṣo. Ó dàbí ẹṣin: irinṣẹ́ tí a so mọ́ ọn ni ó ń ṣe iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ra irinṣẹ́ tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ti fi owó ìkórè ọdún púpọ̀ ra irin tí yóò máa dípẹtà lẹ́yìn ilé. Ẹni tí kò bá sì mọ ewu tí ó wà nínú rẹ̀ lè fi ẹ̀mí san gbèsè náà. Jésù Olúwa sọ nípa ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, bí ó ti yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó, kí ó sì ṣírò iye owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí àgbẹ̀ ṣe kí ó tó na owó sí irinṣẹ́ ìwalẹ̀.

Irú kòtò tí oko ń fẹ́

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe pé, Irinṣẹ́ wo ni ó lágbára jù lọ? Ìbéèrè náà ni pé, Irú kòtò wo ni oko yìí ń fẹ́ lọ́dọọdún? Ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ ìwalẹ̀ pín sí. Èkíní ni ihò tóóró tí ó pọ̀ tí ó sì jọra, bí ihò ọ̀pẹ, ihò ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ihò òpó ọgbà. Èkejì ni yàrà gígùn, fún páìpù omi tàbí kí àgbàrá lè bá ibẹ̀ ṣàn lọ. Ẹ̀kẹta ni kòtò fífẹ̀ tí ó jìn, bí adágún ẹja àti kòtò ṣáláńgá. Kò sí irinṣẹ́ kan tí ó lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáradára.

Apá mẹ́ta ẹ̀yìn katakata

Lẹ́yìn katakata ni apá irin mẹ́ta wà tí a ń so irinṣẹ́ mọ́, méjì nísàlẹ̀ àti ọ̀kan lókè. Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ni ó sọ ọgbọ́n yìí di ohun tí ayé ń lò. Ní ọdún 1939, òun àti Henry Ford ti Amẹ́ríkà gbé katakata kan jáde tí ó ní apá wọ̀nyí. Ní ọdún 1946, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe èyí tí ó ń jẹ́ TE20 ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣáájú ìgbà náà, ńṣe ni katakata ń wọ́ ohun ìtúlẹ̀ tẹ̀ lé ara rẹ̀. Bí ohun ìtúlẹ̀ bá kọ lu òkúta, iwájú katakata lè gbéra sókè, kí ó sì yí dà lé awakọ̀ lórí. Apá mẹ́ta náà mú kí agbára tí ilẹ̀ fi ń di irinṣẹ́ mú di ẹrù tí ń tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀.

Apá wọ̀nyí ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ìwọ̀n kìíní ni ó wà lára ọ̀pọ̀ katakata kékeré, ọ̀pá ìsopọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì nípọn tó mìlímítà 22. Irinṣẹ́ tí a ṣe fún ìwọ̀n kejì kì í ṣe ti rẹ̀. Kí olùrà wọn ti katakata rẹ̀ nílé, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tajà.

Ìlu ilẹ̀

Irinṣẹ́ kìíní ni ìlu ilẹ̀. Ó rí bí ìlu tí káfíńtà fi ń lu igi, bí kò ṣe pé ó ga tó ọmọdé. Ọ̀pá kan tí ń yí lẹ́yìn katakata ni ó ń yí i, abẹ rẹ̀ a sì máa gbé erùpẹ̀ sókè bí ó ti ń wọlẹ̀ lọ. Wọ́n ń ṣe é ní oríṣiríṣi ìbú, láti ínṣì 6 títí dé 24, ó sì sábà máa ń wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Ti ínṣì 9 yẹ òpó ọgbà. Ti 12 tàbí 18 yẹ ohun ọ̀gbìn. Bí ìlu bá ti fẹ̀ tó ni agbára tí ó ń bèèrè ṣe ń pọ̀ tó.

Ìṣirò kan yóò mú ọ̀rọ̀ yìí yé ni. Ọ̀pẹ tí a gbìn ní mítà 9 sí ara wọn ní igun mẹ́ta a máa jẹ́ 143 lórí hẹ́kítà 1. Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ gbin hẹ́kítà 5, ihò 715 ni. Bí alágbàṣe kan bá ń gbẹ́ ihò 20 lójúmọ́, iṣẹ́ ọjọ́ 36 ni fún òun nìkan. Bí ìlu bá ń lo ìṣẹ́jú 5 lórí ihò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àkókò tí katakata fi ń sún síwájú, wákàtí 60 ni, èyí tí í ṣe ọjọ́ 10 bí a bá ń ṣe wákàtí 6 lójúmọ́. Síbẹ̀, alágbàṣe mẹ́rin yóò parí iṣẹ́ kan náà ní ọjọ́ 9. Nítorí náà, ìlu kò ní èrè púpọ̀ fún ẹni tí oko rẹ̀ kéré, tí ó sì ní ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe àáró. Èrè rẹ̀ wà fún ẹni tí ihò rẹ̀ pọ̀ lọ́dọọdún, tí kò sì rí ènìyàn gbà síṣẹ́ nígbà tí òjò bá ti ṣú.

Ohun méjì ni kí ẹni tí ń lò ó ṣọ́ra fún. Nínú ilẹ̀ amọ̀ tí ó tutù, abẹ ìlu a máa mú ògiri ihò dán bí ara ìkòkò. Omi kì yóò lè jò lọ, gbòǹgbò kì yóò sì ráyè wọlé. Kí a fi àdá ha ògiri náà kí a tó gbin ohunkóhun sí i. Èkejì, bóòtù kan wà lára ọ̀pá rẹ̀ tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ní rírọ̀, pé nígbà tí ìlu bá kan òkúta tàbí kùkùté, kí bóòtù yìí ṣẹ́, kí ohun tí ó wọ́n jù ú lọ má bàa bàjẹ́. Ẹni tí ó bá fi bóòtù líle rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ó ń ṣẹ́ jù ti fi owó kékeré pa owó ńlá.

Eyín ìlàlẹ̀

Irinṣẹ́ kejì ni eyín ìlàlẹ̀, irin kan ṣoṣo tí ó tẹ̀ síwájú, tí katakata ń wọ́ la inú ilẹ̀ kọjá. Kò ní ohun tí ń yí, kò sì ní ohun púpọ̀ tí ó lè bàjẹ́; òun ni owó rẹ̀ kéré jù lọ. Bí ó bá kọjá lójú ilà kan náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ilẹ̀ yóò ti là tó ẹsẹ̀ bàtà 1, kí àwọn ènìyàn wá fi ṣọ́bìrì kó erùpẹ̀ kúrò. Fún yàrà páìpù tí kò jìn, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò nílò ju èyí lọ. Kò wúlò níbi tí yangí bá ti dì pọ̀ bí àpáta.

Apá ìwalẹ̀

Irinṣẹ́ kẹta ni apá ìwalẹ̀. Ó ní èjìká, ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ bí ti ènìyàn, garawa irin eléyín sì ni àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọ́ìlì tí ẹ̀rọ ń tì gba inú páìpù ni ó fún un ní agbára. Ti katakata kékeré sábà máa ń wa ilẹ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8. Òun ni ó yẹ adágún ẹja, kòtò ṣáláńgá àti kùkùté tí ó ta gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n òun ni ó wúwo jù, òun ni ó sì wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí a ti so ó mọ́ katakata ṣe pàtàkì ju bí ó ti tóbi tó lọ. Apá mẹ́ta ẹ̀yìn katakata mọ bí a ti ń gbé ẹrù sókè, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó dì í mọ́lẹ̀. Bí a bá so apá ìwalẹ̀ mọ́ apá mẹ́ta yìí nìkan, tí garawa sì tì lu ilẹ̀ líle, irinṣẹ́ náà lè dìde, kí ó sì fún ẹni tí ó jókòó sórí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn katakata. Ó tún lè mú kí ara katakata là. Èyí tí ó dára ni èyí tí a so mọ́ férémù irin tí ó gba abẹ́ katakata lọ síwájú. Owó rẹ̀ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò ní ìdíyelé.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó gbẹ́ adágún kan ṣoṣo ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ háyà ẹ̀rọ tí ó tóbi fún ọjọ́ díẹ̀, kí ó sì fi owó rẹ̀ ra ohun tí yóò lò lọ́dọọdún. Kí a má sì fi garawa iwájú katakata wa ilẹ̀ líle. Erùpẹ̀ tí a ti tú sílẹ̀ ni wọ́n ṣe é láti kó.

Ìṣọ́ra fún ẹ̀mí

Ọ̀pá tí ń yí ìlu ilẹ̀ a máa yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe ìgbà 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá mú etí aṣọ, yóò ti wé ènìyàn mọ́ra kí ẹni náà tó lè kígbe. Kí a má ṣe bọ́ ìbòrí rẹ̀ kúrò láé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ agbádá, ìró tàbí ìborùn súnmọ́ ọn, kí a má sì ré e kọjá nígbà tí ó ń yí. Bí ìlu bá há sínú ilẹ̀, kí a kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, kí a yọ kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ibi tí àwọn ọmọdé wà kì í ṣe ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Erùpẹ̀ tí ó kún mítà 1 ní gígùn, ní ìbú àti ní ìjìn wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú kòtò tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 5 láìjẹ́ pé a ti fi igi gbá ògiri rẹ̀ dúró tàbí pé a gé e ní dídagun. Kòtò ṣáláńgá gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 30 sí kànga, ìdí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan omi inú ilẹ̀.

Ìwé Ẹ́ksódù pàṣẹ pé ẹni tí ó ṣí kòtò sílẹ̀ láìbò ó ni yóò san owó ẹran tí ó bá kó sínú rẹ̀. Òfin yìí kò tíì gbó. Ihò ọ̀pẹ tí a gbẹ́ sílẹ̀ tí òjò sì rọ̀ sí yóò kún fún tanwíji, àti pé láàárín ọjọ́ 7 sí 14, ẹyin ẹ̀fọn yóò ti di ẹ̀fọn tí ń fò. Àwọn ọmọ ilé ni yóò fi ibà san án. Kí a gbẹ́ kìkì iye ihò tí a lè gbìn láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí a sì dí èyí tí ó kù.

Kí a tó sanwó

Kí olùrà bèèrè pé kí a dán irinṣẹ́ náà wò lórí ilẹ̀ tirẹ̀, nítorí ilẹ̀ iyanrìn ọ̀nà ọjà kò rí bí yangí oko. Kí ó bèèrè ibi tí a ti ń rí eyín, bóòtù àti páìpù ọ́ìlì rẹ̀ rà. Kí ẹgbẹ́ tí ó bá rà á yan ẹnì kan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, nítorí ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í ní olùtọ́jú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọlọ́run fún ènìyàn ní ilẹ̀ àti ọgbọ́n pọ̀, kí a má baà fi èkíní sílẹ̀ láìro, tàbí kí a ro ó láìlo èkejì.