Kẹ̀kẹ́ Ṣeé Yá, Bàtà Kò Ṣeé Yá

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìlú Párísì, ọmọbìnrin Nàìjíríà kan, Ese Ukpeseraye, gbọ́ lójijì pé òun yóò kópa nínú eré kẹ̀kẹ́ orí pápá. Kò ní irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ ikọ̀ Jámánì ni ó ti yá ọ̀kan, tí ó sì fi díje. Ó ṣeé ṣe, nítorí pé a lè gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ sókè tàbí kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí yóò fi bá ẹni tí yóò gùn ún mu. Bàtà kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó há ti há, èyí tí ó tóbi ti tóbi.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí obìnrin tí ń gun kẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kí ó tó wo àwọ̀ bàtà tàbí iye owó rẹ̀.

ẸSẸ̀ OBÌNRIN YÀTỌ̀

Láti ọdún 1896 ni àwọn ọkùnrin ti ń sá eré kẹ̀kẹ́ ní Òlíḿpíìkì, ṣùgbọ́n ọdún 1984, ní ìlú Los Angeles, ni àwọn obìnrin tó rí àyè tiwọn. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ọkùnrin ni àwọn aṣebàtà fi sọ́kàn fún ìgbà pípẹ́. Títí di òní, àwọn mìíràn nínú wọn a kàn dín bàtà ọkùnrin kù, wọn a kùn ún ní àwọ̀ aláràbarà, wọn a sì pè é ní bàtà obìnrin.

Ẹsẹ̀ obìnrin kì í ṣe ẹsẹ̀ ọkùnrin tí ó kéré. Ní ti ọ̀pọ̀ obìnrin, gìgísẹ̀ a máa tẹ́ẹ́rẹ́ ju bí iwájú ẹsẹ̀ ti fẹ̀ tó lọ. Bí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wọ bàtà ọkùnrin, gìgísẹ̀ yóò máa yọ sókè títí yóò fi bó. Bí ó bá sì wọ èyí tí ó kéré kí gìgísẹ̀ lè dúró, àwọn ìka ni yóò jìyà. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn lè rí i pé bàtà ọkùnrin gan-an ni ó bá òun mu. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

ÌSÀLẸ̀ TÍ Ó LE

Bí ìsàlẹ̀ bàtà bá rọ̀ jù, yóò máa tẹ̀ lórí pẹ́dà, agbára yóò máa ṣòfò, ojú kan ṣoṣo ni gbogbo ìnira yóò sì dúró sí. Iṣan ìmọ̀lára tí ó gba àárín egungun iwájú ẹsẹ̀ kọjá yóò fún pọ̀. Ẹsẹ̀ yóò kú, tàbí kí ó máa jó ni bí ẹni tẹ iná. Ọ̀pọ̀ a rò pé kẹ̀kẹ́ ni kò bá òun lára mu, wọn a sì pa á tì, nígbà tí ó jẹ́ pé bàtà ni ó jẹ̀bi.

Ní ọdún 1984 ni ilé-iṣẹ́ Look ti ilẹ̀ Faransé gbé pẹ́dà tí ń kọ́ mọ́ bàtà jáde; Bernard Hinault fi irú rẹ̀ borí nínú eré Tour de France ti ọdún 1985. Ike pẹlẹbẹ tí a fi ihò mẹ́ta dè mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà ni ó ń kọ́ ọ. Eléré ìje ni èyí yẹ, nítorí pé kò rọrùn láti fi rìn. Ní ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ Shimano ti ilẹ̀ Japan mú oríṣi mìíràn wá, irin kékeré oníhò méjì tí ó fara pamọ́ sáàárín rọ́bà ìsàlẹ̀ bàtà. Èyí ni ó dára fún ẹni tí yóò sọ̀kalẹ̀ rìn wọ ọjà tàbí ibi iṣẹ́. Èyí ó wù kí ó jẹ́, abẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ti fẹ̀ jù, lẹ́yìn àwọn ìka, ni kí ó wà, kí ó má sì ṣe wọ́, kí orúnkún má baà fara gbá a.

Ẹni tí kò rìn jìnnà kò nílò ìkọ́ rárá. Bàtà olókùn tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le tí ó sì tẹ́ tó fún un, bí ó bá ti ki etí okùn rẹ̀ bọ inú kí ṣéènì má baà gbé e.

BÍ A TI Í WỌN ẸSẸ̀

Ìrọ̀lẹ́ ni kí a wọn ẹsẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ a máa wú bí ọjọ́ ti ń lọ, pàápàá nínú ooru irú ti Kánò tàbí Màídúgùrì. Kí obìnrin náà dúró lórí tákàdá, kí ó fi gìgísẹ̀ ti ògiri, kí ó wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ó sì ra ìwọ̀n èyí tí ó gùn jù. Iye sẹ̀ǹtímítà ni kí ó fi wé ìwé ìwọ̀n ẹni tí ó ṣe bàtà, nítorí pé nọ́ńbà a máa tanni jẹ: èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè ní 5, nǹkan bí 38 ni ní ilẹ̀ Yúróòpù tó kù.

Kí ó wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí yóò máa lò, kí ó sì wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìka gbọ́dọ̀ lè mì, gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ gbéra. Bí ọlọ́jà bá ní yóò là bí ó bá yá, kí ó má gbà á gbọ́. Bàtà tí ó le kì í là tó bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ òkìríkà, kí ó fún ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó wò ó bóyá gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ń yọ, kí ó yẹ ihò rẹ̀ wò bóyá ó ti dógùn-ún, kí ó sì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ bá ti jin ibì kan síbẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Owó tí ó kéré tí a fi ra ìrora, ọ̀wọ́n ni.