Oníṣègùn Ojú àti Ẹrù Tí Ó Rù

Ojú lọba ara ni àwọn àgbà ń wí. Ẹsẹ̀ lè rọ kí ọwọ́ ṣì máa ṣiṣẹ́. Etí lè di kí ẹnu ṣì máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú bá fọ́, gbogbo ẹ̀yà ara yòókù a di ẹni tí ń wá ẹni tí yóò fà wọ́n lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tí a bá gbé ìtọ́jú ojú lé lọ́wọ́, ẹrù ńlá ni a gbé rù ú.

Ẹrù náà kì í ṣe ti ìmọ̀ nìkan. Ẹni tí ó gbé aṣọ fún télọ̀ lè yẹ ojú rírán rẹ̀ wò. Ẹni tí ó ń ra iṣu lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó tó sanwó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú ń dùn kò lè yẹ ohun tí dókítà ṣe sínú ẹyinjú rẹ̀ wò. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù fún un ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé òtítọ́ ni olórí ohun èlò oníṣègùn ojú, àní ju abẹ tí ó mú lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọ̀nà tí a fi ń dán òtítọ́ yìí wò lóde òní.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn òṣìṣẹ́ ojú yàtọ̀ sí ara wọn. Dókítà ojú ni ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn parí, tí ó sì tún fi ọdún púpọ̀ kọ́ nípa ojú nìkan. Òun ni ó lè fi abẹ kan ẹyinjú. Onímọ̀ awò ni ẹni tí ó kọ́ bí a ti ń wọn agbára ìríran, tí ó sì ń sọ irú awò tí ó bá ojú kọ̀ọ̀kan mu. Ẹnì kẹta ni ẹni tí ń gé dígí awò náà tí ó sì ń tò ó. Gbogbo wọn ni ó wúlò, òfin sì ní kí olúkúlùkù forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ tirẹ̀. Ìwà àkọ́kọ́ tí a ń bèèrè lọ́wọ́ wọn ni pé kí olúkúlùkù mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ẹni tí ń ta awò bá gbé pátákó síta pé dókítà ojú ni òun, ó ti purọ́ kí aláìsàn tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà tí ó rí àìsàn tí ó ju ìmọ̀ rẹ̀ lọ, tí kò sì fi aláìsàn náà ránṣẹ́ sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kò ṣe olóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo àwọn àgbàlagbà méjì kan, ìyá kan àti bàbá kan, tí wọ́n ti ìletò ẹ̀bá ọ̀sà ní agbègbè Ìwòpín, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, gbéra ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n tún wọ mọ́tò, wọ́n sì dé ilé ìwòsàn ojú kan ní Ìjẹ̀bú nígbà tí oòrùn ti mú. Àwọn méjèèjì ni ojú wọn ti di bàìbàì. Lójú ará ilé wọn, àìsàn kan náà ni ó ń ṣe wọ́n. Lójú dókítà, àìsàn wọn jìnnà sí ara wọn bí òkè ti jìnnà sí ilẹ̀.

Dígí inú ojú ìyá ni ó ṣú. Kátáráàtì ni àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn yìí. Nínú ojú wa, ohun kan wà lẹ́yìn ọmọlójú tí ó mọ́ gaara bí dígí, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ogbó bá dé, a máa di funfun díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ìrì bo fèrèsé. Ní ọdún 1747 ni Jacques Daviel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi abẹ yọ irú dígí bẹ́ẹ̀ kúrò lójú ènìyàn. Ní ọdún 1949 sì ni Harold Ridley, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kọ́kọ́ fi dígí àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Lónìí, iṣẹ́ abẹ náà kì í sábà gba wákàtí kan, bí kò bá sì sí àìsàn mìíràn nínú ojú náà, aláìsàn a tún máa ríran.

Ti bàbá kò rí bẹ́ẹ̀. Gilokómà ni ó ń ṣe é. Nínú àìsàn yìí, iṣan tí ń gbé ìran láti ojú lọ sí ọpọlọ ni ó ń kú díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé omi inú ẹyinjú kò rí ọ̀nà jáde dáadáa, tí ó sì ń tẹ iṣan náà mọ́lẹ̀. Kì í sábà dunni. Ẹ̀gbẹ́ ni ìran ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, nítorí náà ẹni tí ó ń ṣe kò ní tètè fura. Iṣan tí ó bá ti kú, kò sí dókítà ní gbogbo ayé tí ó lè jí i. Oògùn kíkán tàbí iṣẹ́ abẹ lè dá àìsàn náà dúró níbi tí ó dé. Wọn kò lè dá ohun tí ó ti lọ padà.

Kì í ṣe ọ̀ràn ènìyàn díẹ̀ ni èyí. Ìwádìí ńlá tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó ti pé ogójì ọdún, bí mẹ́rin ni kò ríran mọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún afọ́jú tí a rí, kátáráàtì ni ó fọ́ ojú bí 43, gilokómà sì fọ́ ti bí 17.

Nígbà tí ìyá ti gba iṣẹ́ abẹ tí ó sì ti ń ka ìka ọwọ́ ọmọ rẹ̀, bàbá wí fún dókítà pé, “Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ohun tí ẹ ṣe fún ìyá yìí ni kí ẹ ṣe fún èmi náà.” Níhìn-ín ni ìdánwò wà. Owó iṣẹ́ abẹ wà lápò bàbá. Bí dókítà bá gba owó náà, tí ó sì fi abẹ kàn án láìsọ ohun tí abẹ kò lè ṣe, ta ni yóò mú un? Bàbá yóò kàn rò pé orí òun ni kò ṣe rere. Ṣùgbọ́n oníṣègùn tòótọ́ yóò wí pé, “Bàbá, àìsàn tiyín yàtọ̀ sí ti ìyá. Èyí tí ó ti lọ nínú ìran yín, n kò lè dá a padà. Èyí tí ó kù ni kí a jọ máa ṣọ́. Oògùn yìí, ojoojúmọ́ ni ẹ ó máa kán an. Ẹ má sì ṣàì mú àwọn ọmọ yín àti àbúrò yín wá, nítorí àìsàn yìí a máa rìn nínú ẹbí.” Ọ̀rọ̀ náà korò, ṣùgbọ́n òun ni yóò gba ìwọ̀nba tí ó kù là.

Kì í ṣe inú rere nìkan ni ó mú kí a sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 pa á láṣẹ pé kí a sọ fún aláìsàn ohun tí ó ń ṣe é, ọ̀nà ìtọ́jú tí ó wà, èrè rẹ̀, ewu rẹ̀ àti iye tí yóò náni, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà tí sísọ ọ́ yóò fi pa á lára. Ó tún ní kí a sọ ọ́, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, ní èdè tí ó gbọ́. Nítorí náà, dókítà tí ó ń fi gẹ̀ẹ́sì bá ìyá arúgbó sọ̀rọ̀, tí ó sì ní kí ó tẹ̀ka sí ìwé tí kò lè kà, kò tíì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, àwọn ọmọ tí ó sanwó ni yóò bẹ dókítà pé, “Ẹ má sọ fún bàbá.” Ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n bàbá ni ó ni ojú.

Ọ̀ràn mìíràn ni ti àwọn tí ń kọ́ṣẹ́. Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ tí ó wà ní Àgọ́-Ìwòyè ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Ṣágámù. Irú ibẹ̀ ni a ti ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di dókítà. A kò lè rí àgbà oníṣègùn lọ́la bí àwọn ọ̀dọ́ kò bá fọwọ́ kan iṣẹ́ lónìí. Síbẹ̀, ẹyinjú ènìyàn kì í ṣe pátákó ìkọ̀wé tí a lè pa rẹ́. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a sọ fún aláìsàn bí akẹ́kọ̀ọ́ bá máa lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà, kí ọ̀gá sì dúró tì í.

Kí ni a ó wí nípa ìtọ́jú ojú ọ̀fẹ́, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn olóṣèlú máa ń gbé kalẹ̀ ní ìlú? Ohun rere ni. Ọ̀pọ̀ ni kì bá tí rí ìtọ́jú láé bí kì í bá ṣe òun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ kì í parí lọ́jọ́ tí a ya fọ́tò. Kòkòrò àrùn lè wọ inú ẹyinjú ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì sí nítòsí tí yóò tọ́jú rẹ̀, ojú náà lè fọ́ pátápátá. Dókítà tí a pè sí irú ètò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bèèrè pé, “Ta ni yóò wo àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ́la, àti lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀?” Bí kò bá rí ìdáhùn, ó sàn kí ó má ṣe mú abẹ jáde.

Owó tún ní ìdẹwò tirẹ̀. Dókítà tí ó ń ta awò nínú ilé ìwòsàn rẹ̀ lè rí àǹfààní nínú kí gbogbo ẹni tí ó wọlé di ẹni tí ń lo awò. Ẹni tí ilé oògùn ń fún ní ẹ̀bùn lè máa kọ oògùn olówó gọbọi nígbà tí èyí tí ó wọ́n níwọ̀nba ń ṣiṣẹ́ kan náà. Oògùn tí bàbá Ìwòpín kò lè rà lóṣù kejì kì í ṣe oògùn fún un.

Àṣírí aláìsàn ńkọ́? Kí a sọ pé awakọ̀ kan tí ń kó gẹdú láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí ilé ìwòsàn, a sì rí i pé ojú rẹ̀ kò ká ọ̀nà mọ́. Òfin ní kí dókítà pa àṣírí mọ́, àyàfi bí aláìsàn bá gbà, bí òfin tàbí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, tàbí bí ìdákẹ́ yóò bá fi ìlera aráàlú sínú ewu ńlá. Dókítà yóò kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, ìnira ńlá ni fún dókítà láti mọ ibi tí ẹ̀tọ́ ẹnì kan parí sí tí ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé ìjà tí ó wà láàárín ilé ìwòsàn àti ìta. Ìwádìí tí a mẹ́nu kàn lókè fi hàn pé, nínú àwọn ojú tí a ti ṣiṣẹ́ kátáráàtì fún, bí ìdajì ni ó jẹ́ pé àwọn alábẹ́rẹ́ tí ń kiri ni ó gún wọn, tí wọ́n ti dígí tí ó ṣú náà ṣubú sẹ́yìn ẹyinjú. Ọ̀pọ̀ irú ojú bẹ́ẹ̀ ni ó fọ́. Àwọn mìíràn a máa kán ìtọ̀ tàbí àgbo sójú, àwọn mìíràn a sì máa ra sitẹ́rọ́ìdì lọ́wọ́ ẹni tí ń ta oògùn. Oògùn yìí a máa pa pípọ́n ojú, ṣùgbọ́n bí a bá ń kán an pẹ́ láìsí dókítà, ó lè fa gilokómà àti kátáráàtì. Ṣé kí dókítà wá bú aláìsàn tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀? Rárá. Bí a bá bú u, yóò fi pamọ́ nígbà mìíràn, òtítọ́ tirẹ̀ náà yóò sì sọnù.

Lákòótán, ọ̀pọ̀ dókítà ni ó ń ṣí lọ sí òkè òkun. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti wá ibi tí owó àti ohun èlò wà, ìjọba ni ó sì yẹ kí ó mú kí ilé dùn-ún gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ́kù ń rí ènìyàn púpọ̀ lójúmọ́ kan, ìkánjú sì jẹ́ ọ̀tá òtítọ́. Gilokómà kì í pariwo. Ẹni tí ó bá ń kánjú kò ní rí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ̀yin bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí lọ́la, ẹ kọ́ ìmọ̀ rẹ̀ dáadáa, nítorí àìmọ̀kan lè fọ́ ojú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bàbá àti ìyá tí ó gbéra ní kùtùkùtù. Ọ̀kan padà sí ẹ̀bá ọ̀sà tí ó ń rí omi; èkejì padà pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́, pẹ̀lú òtítọ́ lọ́kàn. Bí dókítà bá ṣe ojúṣe rẹ̀, àwọn méjèèjì ni a tọ́jú.