PCOS: Ẹ Má Pa Èbà Tì, Ìwọ̀n Ni Kí Ẹ Fi Jẹ Ẹ́



Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ẹ̀yìn Àsàlátù ọjọ́ Sunday kan ni ọ̀rọ̀ oṣù yìí ti wá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàdúà tán ni ìyàwó ilé kan jókòó tì mí, ó ní òòyì ń kọ́ òun. Mo bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò ti fẹnu kan èbà tàbí ìrẹsì. Wọ́n ní ẹni tó bá ní PCOS kò gbọdọ̀ jẹ wọ́n, pé mi ò ní lóyún." Ìyá ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ìgò àgbo dání. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé tiwọn nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀.

Kí ni PCOS?

Àìsàn ni, kì í ṣe èpè tàbí ọwọ́ ayé. Láti 1935 ni àwọn dókítà méjì ní ìlú Chicago, Stein àti Leventhal, ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, ó ń ṣe bíi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀. Àwọn àmì rẹ̀ ni kí nǹkan oṣù máa fo oṣù, kí irun máa hù lágbọ̀n, ìrorẹ́ tí kò lọ, ara sísan àti àìtètè lóyún. Ó ń ṣe obìnrin tí kò sanra náà.

Kí ló kan oúnjẹ níbẹ̀?

Èbà, iyán, àmàlà, ìrẹsì, búrẹ́dì àti ẹ̀kọ jẹ́ oúnjẹ afáralókun. Bí a bá jẹ wọ́n, wọn a di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà náà láti wọ inú ẹran ara. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní PCOS, kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ṣiṣẹ́ dáadáa, ara á wá máa pèsè ínsúlínì sí i. Bí ínsúlínì bá ti pọ̀ jù, ilé ẹyin obìnrin á máa ṣe họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin ju bó ṣe yẹ lọ, ẹyin kò ní gbó, kò sì ní jáde lásìkò. Ìdí rèé tí nǹkan oṣù fi ń dàrú. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè di ìtọ̀ ṣúgà lọ́jọ́ iwájú.

Báwo ni kí a ṣe jẹun?

Ẹ pín abọ́ yín sí mẹ́rin. Kí ẹ̀fọ́ gba ìpín méjì. Kí ẹja, ẹyin, adìẹ tàbí ẹ̀wà gba ìpín kan. Kí òkèlè tàbí ìrẹsì gba ìpín kan tó kù. Òkèlè tó tó ìkúùkù yín kan ti tó. Ẹ̀fọ́ àti ẹja kò ní jẹ́ kí ṣúgà ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé òkèlè wíìtì tàbí àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní ṣúgà. Afáralókun ni gbogbo wọn, ìwọ̀n la fi ń jẹ wọ́n. Ẹ wo ẹ̀wà àgànyìn tí wọ́n ń tà ládùúgbò wa: ẹ̀wà náà dára, nítorí ó máa ń pẹ́ nínú kó tó dà. Odidi búrẹ́dì Agége tí a fi ń jẹ ẹ́, àti ẹlẹ́rìndòdò tí a fi ń sìn ín, ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹlẹ́rìndòdò ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Marina, tí ẹ kì í jẹun àárọ̀, tí ẹ wá ń fi mítípáì pa ebi lọ́sàn-án, ẹ gbé ẹyin bíbọ̀, ẹ̀pà tàbí mọ́ínmọ́ín dání láti ilé.

Lóṣù Ramadan, ẹ fi dàbínù díẹ̀ àti omi ṣínu, ẹ kírun, kí ẹ tó jẹun. Ànábì wa (SAW) ti kọ́ wa pé ká má jẹun kún ikùn. Omi àti èémí ní ìpín tiwọn níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí àwẹ̀ tó dé.

Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Bí ẹni tó sanra, tó wọn kílò 80, bá lè fi kílò 4 sí 8 dín kù, nǹkan oṣù rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í padà sípò.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn

Bí nǹkan oṣù kò bá wá fún oṣù mẹ́ta, tí kì í sì í ṣe oyún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà kọjá ọjọ́ rẹ̀ tó fi ń da ìrun yín rú, ẹ lọ rí dókítà. Island Maternity kò jìnnà sí wa. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n sì lè ya àwòrán inú. Bí ọmọ lẹ ń wá, kí ọkọ náà bá ìyàwó rẹ̀ lọ, kí wọ́n yẹ òun náà wò. Wọ́n lè kọ Metformin fún obìnrin náà, oògùn tó ń ran ínsúlínì lọ́wọ́. Ẹ má dá a rà fúnra yín, ẹ má sì lo àgbo mọ́ ọn. Èmi tí mo ń ta oògùn ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Àsàlátù yẹn, mo bu ẹ̀wà àti ẹja nínú oúnjẹ sàráà fún ìyàwó náà, mo sì ní kó fi èbà kékeré sí i nírọ̀lẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ìgò àgbo sílẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo máa mú un lọ rí dókítà lọ́la." Inú mi dùn sí ìyá náà gan-an ni.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kó sì fi ọmọ rere ta àwọn tó ń wá a lọ́rẹ. Āmīn.