Ọ̀bẹ Kò Yẹ Itan Ọmọ Ọwọ́ Yìí Mọ́

Ọmọ ọwọ́ kan lè wà tí ojú rẹ̀ dá ṣáká, tí ó mọ ìyá rẹ̀, tí ó sì ń rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ tí orí rẹ̀ kò dúró, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ bí aṣọ tútù, tí igbe rẹ̀ kò sì rinlẹ̀. Irú àrùn bẹ́ẹ̀ ni Guido Werdnig, ará Ọ́sítíríà, kọ̀wé lé lórí ní 1891, tí Johann Hoffmann ti Jámánì sì tẹ̀ lé e ní 1893. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn eegun ẹ̀yìn, tí ń pàṣẹ fún ẹran ara pé kí ó ṣiṣẹ́, ni ó ń kú. Ẹran ara tí kò gba àṣẹ mọ́ a sì máa joro.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀bẹ ni àwọn dókítà fi ń wádìí rẹ̀. Wọn a gé ẹran bíńtín ní itan ọmọ náà, wọn a rẹ́ ẹ ní tín-ín-rín, wọn a pa á láró, wọn a sì gbé e sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Bí wọ́n bá rí fọ́nrán ẹran tí ó joro lágbo-lágbo, tí àwọn mìíràn sì wú ju bí ó ti yẹ lọ láàárín wọn, wọ́n mọ̀ pé àṣẹ ni kò dé ibẹ̀. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ wọn, nítorí ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kéré jù, àmì náà lè má tíì hàn. Oògùn akunnilóorun pàápàá sì jẹ́ ewu fún ọmọ tí èémí rẹ̀ kò lágbára.

Ní 1995, Judith Melki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris tọ́ka sí jíìnì tí à ń pè ní SMN1. Nínú nǹkan bí 95 nínú 100 ọmọ tí àrùn yìí mú, apá kan náà ni ó sọnù nínú jíìnì yìí, níhà ti bàbá àti níhà ti ìyá. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti tó láti fi mọ̀ ọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má sì di ẹ̀bi ru ìyá: òbí méjèèjì, tí ara wọn le koko, ni ó sábà máa ń gbé e wá.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìyára ni a ń tẹnu mọ́, nítorí sẹ́ẹ̀lì tí ó ti kú kì í jí. Nusinersen gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2016, Zolgensma ní 2019, risdiplam ní 2020. Ọmọ tí ó bá rí wọn gbà kí àmì tó yọ ni ó ń jàǹfààní jù lọ. Nítorí náà ni Amẹ́ríkà fi dámọ̀ràn ní 2018 pé kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ ọmọ tuntun wò fún un. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n dá lé Zolgensma nígbà tí ó jáde lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là fún ọmọ kan. Bàbá wo ni yóò dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gbé, bí ìjọba kò bá bá a fi èjìká tì í?